Ilé Àkéekèe Aṣálẹ̀: Ìsàlẹ̀ Ni Kí Á Kọ́kọ́ Wò

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí a tọ́ dàgbà nínú ilé tí a fi amọ̀ mọ, tí kò mọ̀ pé bí a bá fẹ́ gbé ìkòkò omi kúrò lójú kan tí ó ti pẹ́ sí, ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn kí á tó bojú wo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé àkéekèe òjògán, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ń gbé ohun ìjà rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, onírù kókó-kókó tí ń fi ìdí dá ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án lóhùn, kì í bèèrè ẹni tí í ṣe ọmọdé tàbí ẹni tí í ṣe àgbà kí ó tó ta á. Bàtà ni a fi ń kí i káàbọ̀. Nítorí náà, bí mo bá wí pé àwọn ènìyàn kan wà láyé yìí tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra àkéekèe, tí wọ́n ń ra ìrẹ̀ fún un jẹ, tí wọ́n sì ń jókòó gbèrò bí ilé rẹ̀ yóò ṣe tù ú lára, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí yóò mi orí, ẹ ó sì wí pé owó ni ó pọ̀ lápò wọn jù. Àwọn tí mo ń wí yìí kì í ṣe olówó. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, awakọ̀ wà nínú wọn, àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà náà ti ń bá iṣẹ́ yìí pàdé nílé ẹ̀kọ́ àti nílé ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá sì ti gba ẹ̀mí sí àkóso rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀mí àkéekèe, ó ti di dandan fún un láti mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Àkéekèe tí ọ̀rọ̀ mi dá lé kì í ṣe ará ilẹ̀ wa. Aṣálẹ̀ Sonora ni ilé baba rẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tí ó gba ìpínlẹ̀ Arizona àti apá kan ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ré ẹnubodè kọjá wọ orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ó wà ní aṣálẹ̀ Mojave pẹ̀lú. Hadrurus arizonensis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é láti ìgbà tí Ewing ti kọ nípa rẹ̀ ní 1928. Nínú gbogbo àkéekèe tí ń bẹ ní Àríwá Amẹ́ríkà, òun ni ọ̀gá ní títóbi, nítorí pé bí a bá wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ṣóńṣó ìrù, ó lè tó sẹ̀ńtímítà 14. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, irun ṣáṣá sì hù sí i lára níbi gbogbo. Irun yìí kì í ṣe ti oge o, òun ni ó fi ń mọ̀ bí atẹ́gùn bá yí padà tàbí bí ohun kan bá ń rìn bọ̀ nítòsí rẹ̀. Bí ó ti tóbi tó nì, oró rẹ̀ kò le tó bí ìrísí rẹ̀ ti ń dẹ́rù bani. Àwọn tí ó ti ta máa ń fi í wé oró oyin, àfi ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba irú oró bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá kọ́ ilé fún ẹranko, ilé tí ẹranko náà ti wá ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí ènìyàn bá dúró ní aṣálẹ̀ Sonora lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹfà, yóò rí kákítọ́ọ̀sì saguaro, agbàlagbà igi tí kò léwé, tí ó nàró ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Yóò rí òkúta pupa àti iyanrìn tí oòrùn ti sá títí ó fi funfun. Bí ó bá sì gbé ọwọ́ lé ilẹ̀, kíá ni yóò gbé e kúrò, nítorí pé ooru ojú ilẹ̀ náà lè ju ìwọ̀n 60 Celsius lọ. Ohun tí ojú ń rí nìyí. Òun ni ayàwòrán ń yà, òun náà sì ni ọlọ́jà ń dì sínú ọ̀rá tí ó ń tà fún ẹni tí ó fẹ́ sin àkéekèe: iyanrìn pupa, egungun orí màlúù tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, kákítọ́ọ̀sì oníke, àti àwòrán oòrùn tí ń wọ̀ tí a óò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì. Ṣùgbọ́n àkéekèe fúnra rẹ̀ kò sí nínú ohun tí ojú ń rí yìí. Ní wákàtí tí oòrùn ń jó ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti wọlé lọ, ó ti wà nínú ihò tí ó fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ara rẹ̀ wa, ihò tí ń dagun tí ń kọ́rọ̀, tí ó lè jìn tó mítà 2, tí ó fi dé ibi tí ooru ọ̀sán àti otútù òru kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra mọ́, tí ọ̀rinrin òjò tí ó ń rọ̀ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án sì lè fara pamọ́ sí fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí òkè ti gbẹ. Alẹ́ ni ó ń jáde wá sí ẹnu ọ̀nà, bí ó bá sì ti rí ohun tí yóò jẹ, ilé yá. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, inú ilẹ̀ ni ó ti ń lò ó.

Ẹni tí ó bá ti gba èyí gbọ́ ti gba gbogbo ohun tí mo fẹ́ wí, àlàyé ni ìyókù. Aṣálẹ̀ tí a ń fi ojú rí kọ́ ni àkéekèe ń gbé. Abẹ́ aṣálẹ̀ ni ó ń gbé. Bí ilé tí a kọ́ fún un bá lẹ́wà lókè tí kò jìn nísàlẹ̀, ilé tiwa ni a kọ́, kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá lọ ra àpótí gíláàsì má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà fi gígùn nìkan tàn án. Èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 50, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 25 tàbí 30, yóò gba àkéekèe kan dáadáa, ṣùgbọ́n kí gíga rẹ̀ tó 40, kí á lè kó ilẹ̀ tí ó jìn tó sẹ̀ńtímítà 20 sí i, kí àyè sì tún ṣẹ́ kù láàárín ilẹ̀ náà àti ọmọrí rẹ̀ tí ó ju gígùn ẹranko yìí lọ. Kí á tó bu ohunkóhun sí i, kí á ti yan orí tábìlì tí yóò gbé e dúró, nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ tí ó jìn tó 20 nínú àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 50 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 25 yóò wúwo tó kílò 40, èyí tí í ṣe ìwúwo ọmọdé tí ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Gíláàsì tí ó kún bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbé kiri mọ́. Ọmọrí rẹ̀, kí ó jẹ́ ti nẹ́ẹ̀tì onírin tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí ó sì ní ohun tí a fi ń há a. Àkéekèe kò lè gun gíláàsì tí ó mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀, ṣùgbọ́n ó lè fi èékánná kọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ igun méjì àpótí pọ̀ mọ́ra, ó sì lè gba ibẹ̀ gòkè lọ́gànjọ́. Igi tàbí òkúta tí ó ga jù tí a fi sí ẹ̀bá gíláàsì náà, àkàbà ni a fún un.

Nísinsìnyí, ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Níbí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Iyanrìn nìkan kò lè di ihò mú. Bí àkéekèe bá wa iyanrìn gbígbẹ, bí ó ti ń wa á ni yóò máa ya lulẹ̀ padà, títí yóò fi rẹ ẹranko náà, tí yóò sì lọ lúgọ sí igun kan tí ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Iyanrìn aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ẹfun kálísíọ́ọ̀mù ṣe kò dára. Iyanrìn etí òkun tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kò dára. Ilẹ̀dú tí a da ajílẹ̀ pọ̀ mọ́, tí a rà fún ìkòkò òdòdó, kò dára. Ohun tí ó yẹ ni iyanrìn tí a ti ṣàn mọ́, tí a sì da amọ̀ lílọ̀ pọ̀ mọ́, bí òṣùwọ̀n iyanrìn mẹ́rin sí òṣùwọ̀n amọ̀ kan. Àwọn ọlọ́sìn ní Amẹ́ríkà a máa lo amọ̀ bentonite, ṣùgbọ́n amọ̀ yòówù tí kò ní oògùn nínú yóò ṣe é. A ó wọ́n omi sí i, a ó pò ó, a ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún ní ọwọ́: bí ó bá dì mú tí kò sì fi omi sílẹ̀, ó ti tó. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn baba wa níbi tí wọ́n ti ń gún amọ̀ fún ìmọlé kò ní í ní kí ẹnikẹ́ni tún kọ́ òun ní èyí, nítorí pé bí ògiri ilé ṣe ń fẹ́ kí a gún amọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí á mọ ìpele kan, kí á jẹ́ kí ó le díẹ̀ kí á tó gbé èkejì lé e, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ inú gíláàsì yìí ń fẹ́. Ìpele lórí ìpele ni a ń tẹ̀ ẹ́, a ń fi pákó pẹlẹbẹ kì í mọ́lẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí a fẹ́.

Kí ó tó gbẹ, a ó fi igi tí ó nípọn tó àtàǹpàkò ńlá gún ihò kan sí i, kì í ṣe ní ìdúró gbọnrangandan bí kò ṣe ní ìdagẹ̀rẹ̀, láti abẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní à ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó yọjú. Kí á má rò pé a ó kọ́ ilé náà parí fún un, nítorí pé onílé fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá mọlémọlé. Ìpìlẹ̀ lásán ni ihò wa. Òun yóò fẹ̀ ẹ́ níbi tí ó bá wù ú, yóò dí i níbi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sì kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí iwájú ilé bí ó ti fẹ́. Mo ti rí ẹni tí ó ń bínú nítorí pé àkéekèe rẹ̀ ba ọgbà kékeré tí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tò jẹ́. Inú tèmi dùn sí àkéekèe náà. Lẹ́yìn náà, kí á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí á má sì kánjú fi ẹranko sí i nígbà tí ojú rẹ̀ gbẹ tí inú rẹ̀ ṣì ń ṣan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nílé tí atẹ́gùn kò pọ̀ sí.

Òkúta ńkọ́? Òkúta dára, ṣùgbọ́n òkúta tí a bá gbé lé orí iyẹ̀pẹ̀ lásán, pàkúté ni a dẹ, nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí ń walẹ̀ yóò wa abẹ́ rẹ̀, tí òkúta náà yóò sì tẹ̀ ẹ́ pa sínú ilé tí a ní a kọ́ fún un. Òkúta wúwo yòówù tí a bá fẹ́ lò, kí á kọ́kọ́ gbé e lé ìsàlẹ̀ gíláàsì gan-an kí á tó kó ilẹ̀ yí i ká.

Ọ̀rọ̀ ooru ni ó kàn, òun ni ó sì ti pa àkéekèe jù lọ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn wọn. Nítorí pé aṣálẹ̀ gbóná, ènìyàn a ra pádì tí iná mànàmáná ń mú gbóná, a sì tẹ́ ẹ sí abẹ́ àpótí, kí ẹranko rẹ̀ má baà rí otútù. Ẹ jẹ́ kí á fi ọgbọ́n inú àkéekèe rò ó wò. Láti ọjọ́ pípẹ́ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń bẹ láyé, èyí tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún bí àwókù ara wọn nínú àpáta ti fi hàn, kò sí ibi kan tí wọ́n ti rí i kí ooru máa ti inú ilẹ̀ wá. Òkè ni oòrùn wà. Nítorí náà bí ara ọmọ àkéekèe bá gbóná, ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ni kí ó walẹ̀ sí i. Ẹni tí ó sì ń sá fún iná tí iná náà wà ní ìsàlẹ̀, yóò máa walẹ̀ lọ bá ikú rẹ̀ ni, ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ibi ìsádi yóò sì di ààrò. Gílóòbù tí a gbé kọ́ òkè ní apá kan àpótí ni ó tọ̀nà, èyí tí yóò mú ojú ilẹ̀ apá ibẹ̀ tó ìwọ̀n 30 sí 32 ní ọ̀sán, tí apá kejì yóò wà ní nǹkan bí 24, kí ẹranko lè yan èyí tí ó wù ú. Ní alẹ́ kí á pa á, nítorí pé aṣálẹ̀ pẹ̀lú a máa tutù lóru. Bí yàrá tí àpótí wà bá ti gbóná tó ìwọ̀n 27 fúnra rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ yàrá ní ìlú Phoenix ṣe ń rí lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ooru mìíràn kò pọn dandan. Kí á má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Kí á ra òṣùwọ̀n ooru.

Bí a bá ti sọ ti ooru, a kò lè ṣàì sọ ti omi, níbẹ̀ sì ni àwọn méjì tí wọn kò gbà fún ara wọn ti ń pàdé. Àwọn kan ní aṣálẹ̀ gbẹ, nítorí náà kí á má fi omi kàn án rárá. Àwọn kejì, tí àánú ń ṣe, a máa fi omi wọ́n inú àpótí láràárọ̀. Àwọn kejì yìí ni wọ́n ń yára pa á. Nínú afẹ́fẹ́ tí ó ṣàn fún omi ní gbogbo ìgbà, ilẹ̀ a bu, àmì dúdú a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí ara àkéekèe náà, ní ẹsẹ̀ àti ní oríkèé, èyí tí í ṣe àrùn olú tí ń jẹ èèpo ara rẹ̀. Bí ó bá sì ti gbilẹ̀, ìwòsàn rẹ̀ ṣòro. Ṣùgbọ́n àwọn àkọ́kọ́ náà kò jàre tán, nítorí pé wọn kò rántí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí á fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gún igun àpótí láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí a ń kó ilẹ̀ sí i, kí á sì máa da omi díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìpele ìsàlẹ̀ ní ọ̀rinrin díẹ̀ nígbà tí òkè gbẹ táútáú. Agbada omi kékeré tí kò jìn, tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí kí ìrẹ̀ má baà kú sínú rẹ̀, yóò ṣe ìyókù.

Ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ yìí kò ṣe é fi ṣeré bí ó bá jẹ́ ọmọdé àkéekèe ni a ń sìn. Bí àkéekèe ti ń dàgbà ni ó ń bọ́ èèpo ara rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà tí ó bá ń bọ́ ọ sì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù lọ. Gbogbo àwọn tí wọ́n mọ irú ti Arizona yìí ni wọ́n mọ̀ pé ó ṣòro púpọ̀ láti tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà nínú gíláàsì, wọn a máa kú sínú èèpo tí wọ́n fẹ́ bọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń tọ́ka sí ni pé wọn kò rí ihò jíjìn tí ó ní ọ̀rinrin tí wọn ì bá ti sá wọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá tíì mọwọ́, àgbà ni kí ó rà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan ilé. Àkéekèe kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń sìn púpọ̀púpọ̀, òun ni àkéekèe dúdú ńlá tí onímọ̀ ń pè ní Pandinus imperator, àgbà ọ̀jẹ̀ tí ń dán gbinrin, tí ó lè tó sẹ̀ńtímítà 20 ní gígùn. Ilẹ̀ wa ni ó ti wá, nítorí pé láti Senegal títí dé Nàìjíríà ni ó ń gbé, Ghana, Tógò àti Benin sì ni wọ́n ti ń kó o lọ tà sí òkè òkun. Wọ́n kó o títí ó fi di ọ̀ràn àwọn ìjọba, láti 1995 ni àdéhùn CITES, èyí tí ń ṣọ́ òwò ẹranko ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè, sì ti fi í sí àkọsílẹ̀ àwọn tí a kò gbọdọ̀ tà kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ará igbó àti ará ọ̀dàn ni, ilẹ̀ tútù ni ó fẹ́, ó sì máa ń gbé inú òkìtì ọ̀gán pẹ̀lú. Ìyà rẹ̀ ni pé nínú ìwé àwòrán àwọn ọmọdé òyìnbó, gbogbo àkéekèe ni a ń yà sórí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ igbó yìí jù sórí iyanrìn gbígbẹ lábẹ́ gílóòbù, tí yóò sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀ a wá gbé ti Arizona sórí èérún àgbọn tútù, tí òun náà yóò sì bu. Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Àkéekèe kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ rẹ̀ ń bá rìn, ẹni tí kò bá mọ orúkọ èyí tí ó rà kò tíì yẹ kí ó ra gíláàsì.

Ẹyọ kan ni inú àpótí kan. Àwọn baba wa ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n àkéekèe aṣálẹ̀ kò sí nínú òwe yìí, nítorí pé ìrìnpọ̀ gan-an ni ó ń jẹ òun níyà. Gary Polis, onímọ̀ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn àkéekèe iyanrìn ní aṣálẹ̀ Kalifóníà, tí ó sì ṣe olóòtú ìwé ńlá The Biology of Scorpions tí ó jáde ní 1990, fi hàn pé èyí tí ó tóbi a máa pa èyí tí ó kéré jẹ, àní nínú irú kan náà, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá àti ọmọ nìkan ni ó yàtọ̀, fún ìgbà díẹ̀: àkéekèe kì í yé ẹyin, ọmọ ààyè ni ó ń bí, àwọn ọmọ funfun náà a sì gun ẹ̀yìn ìyá wọn, ibẹ̀ ni wọn yóò wà títí wọn yóò fi bọ́ èèpo àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n túká, kí olúwarẹ̀ ti wá ilé fún oníkálukú.

Oúnjẹ kò nira. Ìrẹ̀ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, tàbí aáyán tí a sìn fún iṣẹ́ náà, tó o. Bí kò bá jẹ fún oṣù bíi mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni má ké gbàjarè, nítorí pé ẹranko tí ń lo agbára ara rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra ni. Èyí tí kò bá jẹ ní alẹ́ kan, kí á yọ ọ́ kúrò, pàápàá bí a bá fura pé ó fẹ́ bọ́ èèpo, nítorí pé ìrẹ̀ tí ebi ń pa lè jẹ ẹni tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń mọ̀ pé ìrẹ̀ ti dé ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ojú púpọ̀ ni Ọlọ́run fún un, kò sì fi wọ́n ríran tó nǹkan. Ní 1977 ni Philip Brownell kọ̀wé nípa ìbátan rẹ̀ kan ní aṣálẹ̀ Mojave, tí ó fi hàn pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ràn: bí aáyán bá mira nínú iyanrìn níbi tí ó jìnnà tó ìdajì mítà, ìmìtìtì náà yóò ti ara iyanrìn wá bá ẹsẹ̀ àkéekèe, yóò sì kan ẹsẹ̀ kan ṣáájú òmíràn, láti inú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni yóò sì ti mọ ìhà tí yóò kọjú sí. Ẹni tí ó bá ti ka èyí kì yóò gbé àpótí rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ amómitutù tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ orin. Ariwo tí a kò gbọ́, ìjì ni fún un.

A ti mọ̀ láti 1954 pé bí a bá tan iná ultraviolet sí àkéekèe nínú òkùnkùn, gbogbo ara rẹ̀ yóò máa tàn pẹ̀lú àwọ̀ ewé àti aró. Iná yìí ni àwọn awákiri fi ń rí i lóru ní Arizona, òun náà sì ni ọlọ́sìn fi ń wò ó. Kí á tàn án ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí á pa á. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi í sílẹ̀ ní gbogbo òru kí àlejò lè rí nǹkan wò. Àkéekèe a máa sá fún ìmọ́lẹ̀ yìí, kò sì yẹ kí a fi ohun tí ó ń sá fún dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni ó kù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àkéekèe kò sì sí lára ohun tí a ń fọwọ́ mú, ẹ̀sọ̀ yòówù tí ìbáà wà ńbẹ̀; ẹ̀mú gígùn tí ó tó sẹ̀ńtímítà 30 ni kí á fi gbé agbada omi àti òkú ìrẹ̀. Ẹni tí ń gbé ní Arizona ní ìdí mìíràn láti ṣọ́ra, nítorí pé àkéekèe kékeré kan wà níbẹ̀, Centruroides sculpturatus, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń gun ògiri àti igi, tí gígùn rẹ̀ kò tó ti àgbà tí a ń sọ, tí oró rẹ̀ sì lè gbé ọmọdé dé ilé ìwòsàn. Òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fọwọ́ sí oògùn Anascorp ní Amẹ́ríkà ní 2011. Èyí tí ó kéré tí ó sì ń gun ògiri kì í ṣe ẹran ọ̀sìn fún ẹni tí ó ní ọmọ nílé, ohunkóhun tí ọlọ́jà ìbáà wí.

Lọ́jọ́ tí a bá gbé onílé tuntun dé, kí á sọ ọ́ kalẹ̀ ní ẹnu ihò, kí á pa iná, kí á sì bá tiwa lọ. Bí ó bá wọlé tí ó dí ẹnu ọ̀nà, tí ọ̀sẹ̀ sì gorí ọ̀sẹ̀ tí a kò rí i, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọkọ́ wá láti wò ó bóyá ó wà láàyè. Ọ̀pọ̀ ihò ni a ti fi irú ìyọ́nú bẹ́ẹ̀ wó lé onílé lórí. Àwọn kan a máa gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì mú ihò náà kọjá, wọn a sì fi aṣọ dúdú bo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. N kò rí àléébù níbẹ̀. Ohun tí mo rí àléébù nínú rẹ̀ ni kí ènìyàn ra ẹranko tí ó lè wà láàyè ju ọdún 10 lọ láìtíì mọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí òun bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, nítorí pé kò ṣe é tú sílẹ̀ sínú ìgbẹ́ ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí ọ̀pọ̀ aládùúgbò tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó gbé àkéekèe wá fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn.